Agbèfọ́ba: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò Ìjọba àti Ipò Èdè Yorùbá Nínú Rẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáárà

Agbèfọ́ba ni orúkọ tí àwọn oníròyìn Yorùbá àti àwọn aráàlú ń pe ẹni tí ó dúró fún ìjọba láti ka ẹ̀sùn sí afurasí lẹ́sẹ̀ ní kóòtù. Bí a bá fi ojú mọfọ́lọ́jì wo ọ̀rọ̀ yìí, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbè, tí a tún ń bá pàdé nínú gbèjà, lẹ́yìn náà ni fún àti ọba. Ìpajẹ wáyé láàrin fún àti ọba, ohun tí ó sì kù ni agbèfọ́ba: ẹni tí ó ń gbè fún ọba, tí ó ń ṣe ti ọba.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè bèèrè ni pé, ọba wo? Kì í ṣe Ayangbùrẹ́n ti Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861 ni wọ́n ti ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn ní orúkọ ọba tí ó jókòó sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó sì jẹ́ obìnrin ní àkókò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 1963 tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́. Láti ìgbà náà, orúkọ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ ni ó ń wà lórí ìwé ẹ̀sùn. Ọba lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí Yorùbá fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé orúkọ náà ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí pé gbígbè kọ́ ni òfin gbé lé agbèfọ́ba lọ́wọ́. A ó sì tún fi hàn pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ tí ẹnì kan sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àti pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Àwọn wo ni à ń pè ní agbèfọ́ba?

Ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo yìí bò mọ́lẹ̀. Ní kóòtù Májísíréètì, ọlọ́pàá ni ó sábà máa ń dìde dúró fún ìjọba. Ó lè jẹ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì rí. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ṣì fi àyè gbà á láti pe irúfẹ́ ẹjọ́ tí òfin kò bá fi sí ìkáwọ́ amòfin nìkan. Ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Amòfin tí ó ń gba owó oṣù lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Abẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìpẹ̀jọ́, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí DPP, ni wọ́n wà, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Aláùsá, Ìkẹjà. Ẹni tí ó wà lókè gbogbo wọn ni Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìpínlẹ̀, tí ó tún jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó padà di igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, wà ní ipò náà láti 1999 sí 2007.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ẹ̀ka ní Èkó, Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìpínlẹ̀ Èkó yóò rí i pé ìpín márùn-ún tí a fi ṣẹ̀dá orúkọ IBILE náà nìyí. (Kí a tó dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà.) Ẹjọ́ ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè àti ìjínigbé kì í ṣe ẹjọ́ tí Májísíréètì lè gbọ́ parí. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ní kí wọ́n fi afurasí pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP.

Ìrìn-àjò fáìlì

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé fáìlì kan. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ènìyàn kan kú. Ọlọ́pàá tí ó ń ṣèwádìí gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn àti lẹ́nu afurasí. Wọ́n gbé e dé iwájú Májísíréètì. Májísíréètì fi í pamọ́. Ọlọ́pàá wá ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ó fi ránṣẹ́ sí Aláùsá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e fún amòfin kan, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ó ti wà lórí tábìlì rẹ̀.

Amòfin yìí kò rí òkú, kò rí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì rí ojú ẹlẹ́rìí kankan. Ìwé nìkan ni ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ó ń wá nínú ìwé náà ni àwọn ohun tí òfin ní kí a fi ìdí wọn múlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìpànìyàn, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnì kan kú lóòótọ́. Pé ohun tí afurasí ṣe ni ó pa á. Àti pé ó ní in lọ́kàn láti pa á tàbí láti ṣe é ní ìjàǹbá ńlá. Bí kò bá sí ìwé dókítà tí ó ṣàlàyé ohun tí ó pa olóògbé, àlàfo ti wà nínú ẹ̀wọ̀n náà. Bí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo bá wà tí ó sì ti kó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, àlàfo mìíràn nìyẹn. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹ̀rí ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì, amòfin náà sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ẹrù náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùjẹ́jọ́ kò ní ohunkóhun láti fi hàn. Abala 36 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti kà á sí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ títí kóòtù yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí ó bá ti kà á tán, ó kọ ìmọ̀ràn. Ó lè sọ pé ẹ̀sùn ìpànìyàn dúró, wọn yóò sì gbé ìwé ẹ̀sùn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ó lè sọ pé ẹ̀sùn tí ó kéré ju ìyẹn lọ ni ẹ̀rí gbè. Ó sì lè sọ pé kò sí ẹjọ́ nílẹ̀, kí wọ́n tú afurasí sílẹ̀. Ìmọ̀ràn kẹta yìí ni àwọn aráàlú kò kà mọ́ iṣẹ́ agbèfọ́ba. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti tú ẹnì kan sílẹ̀ "nítorí ìmọ̀ràn DPP," ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé owó ti kọjá lábẹ́ tábìlì. A kò sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwà àwọn amòfin sọ ọ́ ní kedere pé ojúṣe àkọ́kọ́ fún amòfin tí ó ń pe ẹjọ́ fún ìjọba ni kí ìdájọ́ òdodo wáyé, pé jíjẹ́ kí a dá ènìyàn lẹ́bi kọ́. Bí ó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí ó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ mọ̀. Níbo ni gbígbè wà nínú ìyẹn? Àwọn àgbà tí ó sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni yóò tètè lóye òfin yìí ju ẹni tí ó sọ ọ́ ní agbèfọ́ba lọ.

Ìdúró pípẹ́ ni àìsàn ọ̀nà yìí. Bí ẹ̀dà fáìlì kò bá tètè dé Aláùsá, inú ẹ̀wọ̀n ni ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ ń dúró sí. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ẹ̀sùn Ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, tí wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí ní 2021, gbìyànjú láti dí i kù. Òfin yìí náà ni ó ní kí a máa fi fídíò gba ìjẹ́wọ́ afurasí sílẹ̀, tàbí kí agbẹjọ́rò tí ó bá yàn wà níbẹ̀. Ó tún ṣe ohun kan tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa onímọ̀ èdè: ó lo orúkọ tí ó túmọ̀ sí olùjẹ́jọ́ dípò orúkọ àtijọ́ tí ó jọ pé ó ti dá ènìyàn lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá kò tíì tẹ̀ lé e tán. Ọ̀daràn ni wọ́n ṣì ń pe ọ̀pọ̀ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n pè ní afurasí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ inú ìwé

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Òun náà ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yóò kà. Yorùbá, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ka-èdè tí ó sún mọ́ ti Ìjẹ̀bú, ni ẹlẹ́rìí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi sọ ọ́. Láti ayé amúnisìn ni àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń sọ pé kí ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ afurasí ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbọ́sọ lásán ni ìwé náà. Ìdí tí ìkìlọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì yóò hàn bí a bá wo gbólóhùn mélòó kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ.

Obìnrin kan sọ pé: "Ó fẹ́ẹ̀ pa mí." Fẹ́ẹ̀ yìí ni ìsúnkì fẹ́rẹ̀ẹ́, ohun tí ó ń sọ ni pé díẹ̀ ni ó kù kí òun kú. Bí akọ̀wé bá gbọ́ ọ tàbí kọ ọ́ sí "Ó fẹ́ pa mí," ohun tí ó wà nínú ìwé báyìí ni pé ọkùnrin náà ní ìpinnu láti pa á. Ìpinnu yìí gan-an sì ni òfin ń wá kí ẹ̀sùn ìgbìyànjú láti pànìyàn tó lè dúró, ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Fáwẹ̀lì kan àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ni ó wà láàrin rẹ̀ àti ẹ̀sùn lílù tí ó fa ìpalára. Ẹni tí ó bá ń sọ pé àmì ohùn kò wúlò ju kí akẹ́kọ̀ọ́ fi yege ìdánwò lọ, kí ó ronú sí èyí.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a kọ́ kì í fi ó pe àgbà. Wọ́n ni yóò lò. "Wọ́n pè mí wọ inú ilé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn." Ènìyàn kan ṣoṣo ni ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, onílé wọn tàbí ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀wọ̀ ni ó sì mú kí ó lo wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé inú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn kan ti di púpọ̀. Amòfin ní Aláùsá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá afurasí kejì tí kò sí. Ní kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò bi ọmọ náà pé ènìyàn mélòó ni. Ọmọ yóò dáhùn pé ẹnì kan ni. Agbẹjọ́rò yóò sì yí sí adájọ́ pé ẹ kò rí i pé ẹlẹ́rìí yìí ń yí ọ̀rọ̀ padà? Ọmọ náà kò yí ohunkóhun padà. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ọ ni wọ́n fi mú un.

Bákan náà ni orúkọ ìbátan. Ní àdúgbò wa, gbogbo ọkùnrin tí ó bá ju ọmọ lọ ni bùrọ̀dá, gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ ti ń funfun ni bàbá. Bí ọmọ bá ní "bùrọ̀dá mi ni," ìwé lè sọ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni, kí wọ́n sì lọ mú ẹni tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdí pàápàá, tí ọmọ fi ń dárúkọ ẹ̀yà ara tí wọ́n ní kí ó má dárúkọ, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́ka sí, oríṣi ẹ̀sùn tí a ó kọ sì wà lọ́wọ́ ibi tí ó ń tọ́ka sí.

Ẹ̀bẹ̀ ni ó kù. Yorùbá kì í fi àìjẹ̀bi kọ ẹ̀bẹ̀. Ọmọdé tí àgbà bá ń bínú sí yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni," kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀, yálà ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà tàbí kò mọ̀. Ní iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ohun kan náà ni yóò ṣe. Bí wọ́n bá kọ "ẹ̀bi mi ni" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjẹ́wọ́, ìwà ọmọlúàbí ti di ẹ̀rí tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́bi. Amòfin ìjọba tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè fura sí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè fídíò. Èyí tí kò gbọ́ ọ yóò gbà á bí ó ṣe wà. Abala 36 náà fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ èdè kóòtù ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kóòtù kò lè tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá ṣe.

Agbára láti dá ẹjọ́ dúró

Abala 211 nínú Ìwé Òfin fún Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìpínlẹ̀ ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, láti gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, àti láti dá ẹjọ́ dúró kí ìdájọ́ tó jáde. Ìwé Òfin ní kí ó ro ire ìlú, kí ó ro ìdájọ́ òdodo, kí ó sì dènà àṣìlò kóòtù. Ta ni yóò wá bi í bóyá ó rò ó? Nínú ẹjọ́ Ìjọba àti Ìlọ̀rí, tí ó ti Èkó lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1983, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó ni ó kọ ìdájọ́ tí ó gba iwájú: kóòtù kò lè bi Agbẹjọ́rò Àgbà léèrè ìdí tí ó fi dá ẹjọ́ dúró. Ẹni tí ó yàn án sípò àti ojú aráyé ni ó lè bá a wí. Lójú tiwa, ìdájọ́ yìí bá òfin mu, ṣùgbọ́n ó le.

Ẹjọ́ mìíràn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa oníròyìn Délé Gíwá ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, agbẹjọ́rò Gàní Fawẹ̀yìnmí fẹ́ fúnra rẹ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ ààbò méjì lẹ́jọ́. Òfin ní kí DPP kọ́kọ́ sọ bóyá ìjọba yóò pe ẹjọ́ náà tàbí kò ní pè é, ìdáhùn kò sì yá. Ní 1987, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé Fawẹ̀yìnmí ní ẹ̀tọ́ láti wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ènìyàn. Ẹjọ́ náà kò mú ẹnikẹ́ni dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í ṣe ohun ìní ìjọba nìkan.

Ẹlẹ́rìí, àwùjọ àti olùkọ́

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ni agbèfọ́ba ń bá jà lójoojúmọ́, nítorí pé ní ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ ara wọn, ẹni tí yóò jẹ́rìí àti ẹni tí yóò jẹ́rìí lòdì sí lè máa pọn omi nínú kànga kan náà. Ẹlẹ́rìí wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú; ó wá lẹ́ẹ̀kejì, adájọ́ kò jókòó; ní ìgbà kẹta, ó ti lọ sọ́jà. Fáìlì tí ó dára jù lọ kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti gbà pé agbèfọ́ba kò lè ṣe nǹkan kan hàn ní Ìkòròdú. Ní 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé lóru, wọ́n sì ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí odindi ìdílé. Ẹ̀rù gba ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2017, àwọn èrò mú apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn méjì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó yẹ fáìlì wò, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò sí ẹjọ́ nílẹ̀.

Iléèwé kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2016 ni wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ méjì gbé ní Model College ní Ìgbọ́nlá, Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n tún padà síbẹ̀, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà, tí ó lo ju oṣù méjì lọ ní ìgbèkùn. Ní ọdún 2017 yìí kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ìjínigbé di ẹ̀sùn ẹ̀wọ̀n gbére, àti ti ikú bí ẹni tí a jí bá kú. Ṣùgbọ́n òfin kì í jẹ́rìí. Olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀, tí ó rí ojú, tí ó gbọ́ ohùn, ni ẹlẹ́rìí.

Ní ti ọmọdé, Òfin Ẹ̀rí sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá lè jẹ́rìí láìbúra bí ó bá ní òye tó, tí ó sì mọ̀ pé òtítọ́ ni ó yẹ kí òun sọ. Ṣùgbọ́n kóòtù kò lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ohun tí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí lè wà lára rẹ̀: aṣọ tí ó ya, ìrìn tí ó yí padà, ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2007, iléeṣẹ́ tí ó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, tí a mọ̀ sí DSVA, sì di àjọ lábẹ́ òfin ní 2021. Ibẹ̀ tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ lọ, kì í ṣe ilé bàbá àgbà kan tí yóò ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Kí ó tó lọ, kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú aago àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Yorùbá tí ọmọ fi sọ ọ́ ni kí ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu létí olùkọ́. Kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu pé "Ṣé bùrọ̀dá Lágbájá ni?" Kí ó kàn ní, "Kí ni ó ṣẹlẹ̀?" kí ó sì dákẹ́. Bí ọmọ bá lo wọ́n, wọ́n ni kí ó kọ, lẹ́yìn náà, kí ó bi í pé "Ènìyàn mélòó ni?" kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìlà tí ó tẹ̀ lé e.